Ìrù Erin Tí Mo Dá Padà

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin àlejò mi. Ẹ fi ẹ̀pà síse yẹn sẹ́nu kí ẹnu yín lè ríṣẹ́ ṣe, kí etí yín lè ráyè gbọ́ tèmi. Oòrùn kò tíì rọ̀, odò kò sì ní í sá kúrò níbi tó wà. Bí a bá jáde nísinsìnyí, ooru nìkan la máa rí wò. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ bíbí Ìdí-Ọ̀mọ̀ yìí, ọdẹ ọmọ ọdẹ. Mo ti bá ẹfọ̀n wo ojú ara wa títí tó fi jẹ́ pé ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ gbójú kúrò. Mo ti sùn sórí ẹ̀ka kan náà pẹ̀lú òjòlá, ilẹ̀ mọ́, olúkúlùkù bá tirẹ̀ lọ láìsí ìjà. Ìwọ ọ̀dọ́kùnrin tí ò ń rẹ́rìn-ín yẹn, nígbà tí mo ń ṣe nǹkan wọ̀nyí, bàbá rẹ kò tíì mọ ṣòkòtò ọ́ so. Bó bá sì jẹ́ pé fóònù lo fẹ́ máa fi ya ojú ara rẹ, kọjá sẹ́yìn ilé, àwọn ewúrẹ́ ìyàwó mi wà níbẹ̀, wọ́n á bá ọ yà á.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó gbé mi wọ igbó lọ́jọ́ náà, ẹ ní láti mọ bí a ti ń jẹun nílùú yìí. Igbó tí ẹ ń wò lókè ọ̀hún, Igbó Àgbéjẹ́ẹ́ lorúkọ rẹ̀. Nígbà èwe mi, ìbọn la fi ń kí i. Mo pa erin kan níbẹ̀, abo ńlá kan, ilẹ̀ mì títí dé ìdí ààrò ìyá mi nígbà tó ṣubú. Láàárín àwa ọdẹ, ẹni tó bá pa erin, ìrù ló kọ́kọ́ gé. Ẹni tí ìrù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni erin, kò sí àríyànjiyàn. Ìrù yẹn ló sọ mí di Aperin. Mo fi awọ wé ìdí rẹ̀, mo ń fi í lé eṣinṣin, mo ń fi í dáhùn ìkíni, n kì í lọ síbi kankan láìmú un dání. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹran ń tán lọ nínú igbó, ọdẹ ń wọlé lófìfo, ni ìlú bá pinnu pé ká gbé ìbọn kọ́. Bí a ti gbé e kọ́ tí ọdún díẹ̀ kọjá, àwọn èèyàn bíi tiyín bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ìlú ńlá, wọ́n ní erin tó wà láàyè làwọn fẹ́ fojú rí. A kọ́kọ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àṣé oríire wa ló ń bọ̀ yẹn! Ẹni tó mọ̀nà ń mú wọn wọ igbó, ẹni tó lọ́wọ́ ọbẹ̀ ń se oúnjẹ fún wọn, ẹni tó ń hun ẹní ń rí tà, olóyin ń rí tà, nínú ohun tí wọ́n sì ń mú wá la fi kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tí a sì gba nọ́ọ̀sì sí i. Erin tí mo pa, ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi jẹ ẹ́ tán. Erin tí a kò pa, ọdún mọ́kànlá la ti jẹ ẹ́ nígbà náà, kò sì tán. Èmi ni mo máa ń ṣáájú àlejò. Bí a bá dé etí odò, màá gbé ìrù mi sókè, màá fi júwe erin fún wọn: ẹ wo akọ yẹn, ẹ wo ìyá tí etí rẹ̀ ya yẹn, Elétí-Yíya là ń pè é, òun ni olórí wọn.

Ó wá di ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, erin kò wá sí odò mọ́. A rò pé omi ló fà á. Òjò rọ̀, wọn kò wá. Oṣù mẹ́ta gbáko, ìgbẹ́ erin tó ti gbẹ nìkan ni mo ń rí fi han àlejò, ta ni yóò sì ti ọ̀nà jíjìn wá wo ìgbẹ́? Ọ̀nà dá páropáro. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń gé gẹdú gbé ìwé wá bá Baálẹ̀ wa, Baálẹ̀ Láṣebìkan, pé kó tẹ̀ka sí i kí wọ́n wọ Igbó Àgbéjẹ́ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. "Ọdẹ́rìndé," ó ní, "ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìwọ lo mọ̀nà erin. Ọjọ́ méje ni mo fún ọ. Bí wọn kò bá padà, màá tẹ̀ka." Mo délé, mo sọ fún Fẹ́hìntọlá ìyàwó mi. Ó gbé ọwọ́ kúrò nídìí àgbo tó ń sè, ó wò mí. "Bàbá Yéwándé, ọmọ wa ku oṣù kan kó bímọ. Ẹ rántí ti àkọ́kọ́. Ojú ọ̀nà ìlú ńlá ló bí i sí, ojú ọ̀nà náà ló kú sí, torí kò sí ẹni tó mọṣẹ́ nítòsí. Bí nọ́ọ̀sì yẹn bá lọ..." Èmi tí mo bá ẹfọ̀n wojú, n kò lè wo ojú obìnrin yẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa mo ti gbé àpò kọ́ èjìká, ìbọn lẹ́yìn, ìrù lọ́wọ́.

N kò ní í fi bí mo ti rìn àti ohun tí mo jẹ dá yín lágara. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, ẹnu ni mo fi jẹ. Ohun tí mo rí ni kí ẹ gbọ́. Níbi tí ìrókò méjì ti fara ti ara wọn, ní ẹnu igbó, mo bá ọkùnrin kan tí kò ga ju odó lọ. Orí kan ló ní, ṣùgbọ́n ojú wà níwájú orí, ojú wà lẹ́yìn orí, pẹ̀lú imú àti ẹnu tiwọn. Obì ló ń jẹ: ẹnu iwájú ń jẹ ẹ́, ẹnu ẹ̀yìn ń tu èérún rẹ̀ dànù. Mo ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti ìgbà tí mo ti mọ̀nà, n kò rí i rí. Ó ní, "Wòwọlé-Wòjáde lèmi. Kí lo gbé bọ̀?" Mo ní, "Èmi Ọdẹ́rìndé Aperin ni. Ìbọn mi, àpò mi, ọbẹ mi." Ó ní, "N kò bi ọ́ ní oyè. Kí lo máa gbé lọ?" Mo ní kò sí, pé ọ̀rọ̀ ni mo wá bá erin sọ. Ni ojú ẹ̀yìn bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni yìí wúwo ju bó ti wí lọ. Ilẹ̀ ń kérora lábẹ́ rẹ̀. Èèyàn méjì ló ń wọlé yìí." Inú bí mi, torí n kì í ṣe onísùúrù, ìyàwó mi lè jẹ́rìí. Mo ní, "Ojú mélòó lẹ tún fẹ́ kí ẹ tó rí i pé èmi nìkan ni?" Ó ní, "Ojú tí mo ní yìí náà ni mo fi kà yín pé méjì. Gbé ìbọn yẹn sílẹ̀. Ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ kì í mú kùmọ̀ dání." Mo gbé e sílẹ̀ tìkanra-tìkanra. Bí mo ti ń kọjá, mo fi ìrù mi lé eṣinṣin kúrò létí, mo sì rí i pé ojú ẹ̀yìn rẹ̀ dijú pinpin, bí ìgbà tí èèyàn kò fẹ́ wo òkú. N kò kà á sí.

Ó di ọjọ́ kejì, mo dé ibi ọ̀gán pupa kan, obìnrin arúgbó kan jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ̀ àti igbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lọ́rọ̀ lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní arúgbó ń gbálẹ̀, kí ló jọni lójú níbẹ̀? Ojú ẹsẹ̀ ló ń gbá! Bó bá ti fi ọwọ̀ kan ipasẹ̀ àgbọ̀nrín nílẹ̀, ipasẹ̀ yẹn á ṣí kúrò lórí iyẹ̀pẹ̀ bí èèpo àlùbọ́sà, á ju ú sínú igbá, ilẹ̀ á sì dán bí ẹni pé ẹsẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́ rí. Mo kí i, mo ní, "Ìyá, ti erin ńkọ́?" Ó ní, "Àwọn ni wọ́n bẹ̀ mí pé kí n kó tiwọn kúrò, kí ẹ̀yin má baà tẹ̀ lé wọn. Ìyá Akópasẹ̀ lèmi. Bí o bá fẹ́ kí n tẹ́ díẹ̀ padà fún ọ, dáhùn ohun tí mo bá bi ọ́. Àlejò kan wọ ilé onílé, ó jẹ, ó mu, nígbà tó fi máa lọ, onílé yó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ta ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti ń pàlọ́ kí n tó hu eyín ọgbọ́n! Mo ní, "Oyin ni. Ó wọ inú òdòdó, ó mu tirẹ̀, igi sì so." Ó bu ipasẹ̀ erin díẹ̀ nínú igbá, ó tò wọ́n sílẹ̀ lọ sọ́nà ìlà oòrùn. "Àlejò kan wá, ọmọ onílé ló mú un lọ́wọ́ wọlé, ó sì pa onílé. Ta ni?" Mo ní, "Àáké. Igi ló ṣe èèkù fún un." Ó tún tẹ́ díẹ̀ sí i. Mo ti ń mì ìrù mi lọ́tùn-ún lósì, orí mi ti ń wú. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọkùnrin kan ń mú àlejò lọ kí àwọn onílé lójoojúmọ́, òkú ìyá onílé ló sì mú dání. Ta ni?"

Mo ronú, ronú, òógùn bò mí. Mo ní asìnkú, ó ní rárá. Mo ní igúnnugún, ó ní igúnnugún ní ìtìjú ju ti ẹni tí òun ń sọ lọ. Ó wo ọwọ́ mi fún ìgbà pípẹ́, ó mi orí. "Máa tẹ̀ lé ìwọ̀nba tí mo tẹ́ fún ọ. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti pin, ibẹ̀ ni ìdáhùn wà." Mo dúpẹ́, mo ń lọ, mo ń kùn pé kí ló dé tí arúgbó kò lè sọ̀rọ̀ kó là. Ṣé ẹ rí i bí ojú èèyàn ti ń fọ́? Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Èmi kì í ṣe àlejò nínú igbó yẹn, n kò sì ríran.

Ipasẹ̀ náà mú mi la ibi tí okùn àjàrà ti dí ọ̀nà, títí tó fi pin gbùn-ún lábẹ́ igi ọ̀mọ̀ kan. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sí i, ilẹ̀ já. Gbìràmù! Inú kòtò ni mo bá ara mi. Igi ṣóńṣó mẹ́fà ló dúró nínú rẹ̀. Ọ̀kan gba abẹ́ abíyá mi wọlé, ó gún ẹ̀wù, kò kan ara. Bí mo bá sanra bí ọkùnrin tó jókòó síwájú yìí, ẹ má bínú sí mi, sà, òkú mi là bá máa sọ. Nígbà tí àyà mi rọlẹ̀, mo fọwọ́ pa ògiri kòtò náà, mo rí ibi tí wọ́n ti fi ọkọ́ kọ àmì: ilà mẹ́ta àti ilà kan níbùú. Àmì tèmi ni. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ, nígbà èwe mi, kí erin lè jìn sí i. Mo gbàgbé rẹ̀, n kò sì dí i. Wọ́n ní ẹni tó bá ń gbẹ́ kòtò ìkà kó má gbẹ́ ẹ jìn. Ilẹ̀ Ọ̀gẹ́rẹ́ ń gbọ́ mi: mo gbẹ́ ẹ jìn dáadáa! Ọjọ́ méjì ni mo lò níbẹ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní, mo ń pariwo oyè mi. Ọjọ́ kejì, orúkọ Yéwándé nìkan ló kù lẹ́nu mi.

Ìgbà tí oòrùn wà ní àtàrí ni ẹnu kòtò ṣókùnkùn lójijì. Mo gbójú sókè, mo rí etí kan tó ya. Elétí-Yíya ló dúró sókè mi, bó bá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ilẹ̀ á bò mí. Ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí àrá tó wà lókèèrè. "Ọdẹ́rìndé, kí lo mú lọ́wọ́?"

Mo ní, "Ìrù ni, Ìyá."

"Ìrù ta ni?"

Mo ní, "Ti erin kan tí mo pa nígbà èwe mi ni, lẹ́bàá àpáta oníhò."

Ó ní, "Ìyá mi ni."

Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, kò pariwo, ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "Nígbà tí ẹ gbé ìbọn kọ́, mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé àwọn èèyàn yìí ti yí padà. Mo mú wọn wá sétí odò kí àwọn àlejò yín lè rí wa. A dúró, ẹ wò wá, inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí o bá gbé ọwọ́ sókè láti júwe wa, ìyá mi lo fi ń júwe wa. Àwọn ọmọ bi mí pé kí ló wà lọ́wọ́ bàbá arúgbó yẹn. Mo ní koríko ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń parọ́ yìí, nítorí mo fẹ́ kí àlàáfíà wà. Lọ́jọ́ kan, atẹ́gùn yí padà, àbígbẹ̀yìn mi gbóòórùn rẹ̀. Ó ké. Ọmọ tó ti gbóòórùn ìyá ìyá rẹ̀, irọ́ wo ni n óò tún pa fún un?"

Mo bú sẹ́kún. N kò ní í tan yín, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló ń pa mí. Mo rántí bí mo ti ń ju ìrù yẹn lókè lójú wọn, tí àlejò ń pàtẹ́wọ́, tí inú mi ń dùn. Mo ní, "Ìyá, ẹ dárí jì mí. Kí ni kí n ṣe?" Ó ní, "Dá a padà síbi tí o ti gé e." Ẹ gbọ́, ó yá ẹnu láti sọ, ṣùgbọ́n ìrù yẹn nìkan lẹ̀rí tí mo ní láyé pé mo pa erin rí. Ọjọ́ tí kò bá sí lọ́wọ́ mi, oyè mi bọ́, ìjókòó mi láàárín ọdẹ bọ́. Mo di ìrù náà mú pinpin. Mo wá rántí ojú Fẹ́hìntọlá nídìí àgbo, àti ọmọ tó kú sójú ọ̀nà. Mo ní, "Mo gbà, Ìyá." Ó fi ọwọ́jà rẹ̀, imú gígùn yẹn, ti ìtì igi kan wá sínú kòtò, mo gun ún jáde. Mo tẹ̀ lé e dé ibi àpáta oníhò. Egungun ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ewéko ti hù bo agbárí. Mo kúnlẹ̀, mo tẹ́ ìrù náà sí ìdí egungun ẹ̀yìn, níbi tó yẹ kó wà. Ó fi ọwọ́jà pa egungun yẹn lọ, pa á bọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ìwọ̀nba ohun tó fẹ́: kí a máa wá pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, kí a máa lọ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, kí ẹnikẹ́ni má sì mú ohun ara òkú wọn wá síwájú wọn mọ́ láéláé.

Nígbà tí mo fi padà dé ẹnu igbó, nídìí ìrókò méjì, ojú ẹ̀yìn Wòwọlé-Wòjáde ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ẹ̀n-ẹ́n, ọ̀kan ṣoṣo ló kù báyìí." Ó gbé ìbọn mi fún mi. Mo ní kó máa fi ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ keje pé nígbà tí mo wọ ìlú. Baálẹ̀ wà níwájú ilé rẹ̀, ọlọ́gẹdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé wà lórí itan rẹ̀, yíǹkì ìtẹ̀ka ti ṣí sílẹ̀. Gbogbo èèyàn wo ọwọ́ mi. Baálẹ̀ ní, "Ọdẹ́rìndé, ìrù rẹ dà?" Mo ní, "Mo dá a padà fún ẹni tó ni ín." Ọlọ́gẹdú rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Baálẹ̀ ní, "O kò rí erin mú bọ̀, o tún sọ ìrù nù. Aperin tí kò ní ìrù, kí là ń pè é?" Fẹ́hìntọlá ló dáhùn láti ẹ̀yìn èrò: "Ọdẹ́rìndé là ń pè é, Baálẹ̀. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn." Ìyẹn ni mo fi rí ẹnu sọ̀rọ̀. Mo ní kí Baálẹ̀ bá mi dé etí odò kó tó tẹ̀ka, ṣùgbọ́n kó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbà eyín erin ni, tí bàbá bàbá rẹ̀ ti wọ̀. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti yí. Ìgbà náà ni Yéwándé rọra ti ilé jáde, ó fọwọ́ ti ẹ̀yìn, ikùn rẹ̀ wà níwájú. Baálẹ̀ wo ikùn yẹn. Ó kùn, ó ṣépè díẹ̀, ó fi òróró pa ọwọ́, ó sì fa ẹ̀gbà náà yọ. Ojú ibi tó wà funfun lára ọwọ́ rẹ̀ bí ti ọmọ tuntun.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí a jókòó sétí odò, Baálẹ̀, ọlọ́gẹdú àti èmi. A dúró, dúró. Ọlọ́gẹdú ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ni koríko òdìkejì bá là, Elétí-Yíya yọ, àwọn yòókù tẹ̀ lé e, mẹ́rìnlá. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ já kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó la omi kọjá, ó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ mi. Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi, ọwọ́ tó ń mú ìrù. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, láàárín ìka, títí dé ọrùn ọwọ́. Òórùn gààrí ló bá níbẹ̀. Ó fọ́n imú sí mi lára, ó sì padà lọ ṣeré nínú omi. Wọ́n ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin. Baálẹ̀ Láṣebìkan sọ ọ́ pẹ̀lú omijé lójú: "Mo rí erin." Ó ká ìwé náà, ó fi lé ọlọ́gẹdú lọ́wọ́, ó ní kó máa lọ pẹ̀lú ọwọ́ tó gbé wá.

Nọ́ọ̀sì tú ẹrù rẹ̀. Ọmọ tó ń rákò káàkiri yìí, tó ti fi itọ́ ba okùn bàtà ìyá yẹn jẹ́, òun ni Yéwándé bí ní ilé ìgbẹ̀bí lọ́hùn-ún, ìyá àti ọmọ yọ láyọ̀. Ní tèmi, láàárín ọdẹ, ẹ̀yìn ni mo ń jókòó sí báyìí. Bí ẹ bá délé tí ẹ sọ pé ẹ rí ẹni tó pa erin rí, wọ́n á béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ yín, kò sì sí. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Oòrùn ti rọ̀ báyìí. Ẹ dìde. Ìyá, ẹ̀gbà funfun ọwọ́ yín yẹn, eyín kí ni? Ẹ má tijú, Baálẹ̀ wa náà wọ̀ ọ́ rí. Ẹ fún Fẹ́hìntọlá kó bá yín tọ́jú rẹ̀. Ó dáa. Ẹ̀yin yòókù, ẹ na ọwọ́ yín kí n wò ó.